Bí Ààrò Irin Hàwáù Ṣe Dé Komah Kí Ààwẹ̀ Tó Wọlé

Ní Kambolé, bí ẹ bá ní ẹ ń wá Hàwáù, wọn yóò bi yín pé Hàwáù wo. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Hàwáù oníbúrẹ́dì, ọmọdé tó ń ti táyà kiri á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Rónkẹ́ ni wọ́n ń pè mí, iṣu ni mò ń tà. Tí mo bá sọ òkò láti àgbàlá wa, á bà lé òrùlé ilé ìdáná rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni a jọ jókòó sí nílé ìwé, láti kíláàsì àkọ́kọ́, CP1, títí dé èyí tó gbẹ̀yìn, CM2, ibẹ̀ sì ni ìwé àwa méjèèjì parí sí. Òun yege ìdánwò àṣejáde, èmi kò yege. Kì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Hàwáù kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì le. Ohun tó ní ni pé ó máa ń sọ ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀ tán. Tó bá ní òjò kò ní rọ̀ lónìí, àwa obìnrin àdúgbò á kó èlùbọ́ síta. Bí òjò bá wá rọ̀, á ní ti àná ló pẹ́ lọ́nà. A ó bínú, a ó kó èlùbọ́ wa wọlé, bó bá tún sọ̀rọ̀ lọ́la a ó tún gbà á gbọ́. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, Kambolé kò ní búrẹ́dì tirẹ̀? Láti Tchamba ni alùpùpù ti máa ń gbé e wá nínú àpò, tó bá fi máa dé, ẹ lè fi kan ìṣó. Hàwáù ló lọ sí ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Bàsílà, lódìkejì ààlà, tó kọ́ ọ fún ọdún méjì. Nígbà tó padà dé, amọ̀ ló fi mọ ààrò àkọ́kọ́. Òjò wó o. Ó tún un mọ. Òjò tún wó o. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò dúró de òjò mọ́. Ó lọ sí Sokodé, ó bá ilé àlejò kan tó fẹ́ palẹ̀ mọ́, ó ra ààrò irin wọn.

Ààrò yẹn kì í ṣe ti ọmọdé. Irin ni látòkè délẹ̀, ojú iná mẹ́fà ló wà lórí rẹ̀, gáàsì ló ń lò. Fúrù tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ihò tí à ń ki búrẹ́dì bọ̀, ewúrẹ́ lè dùbúlẹ̀ síbẹ̀ kó na ẹsẹ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e wọlé lọ́jọ́ tó dé. Ọ̀kan nínú wọn ṣì ń ráhùn ẹ̀yìn rẹ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bó bá di ọjọ́ ijó, ẹ̀yìn náà máa ń sàn.

Láti ọdún tí ààrò náà ti dé, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, búrẹ́dì Hàwáù ni àwọn ará mọ́sálásí fi ń ṣínu. Kì í tà á lọ́jọ́ yẹn, sàárà ni. Láti ọjọ́ kejì lọ ni títà bẹ̀rẹ̀, owó oṣù ààwẹ̀ náà ló sì ń gbé e dé ìgbà òjò. Kristẹni ni èmi, n kì í gba ààwẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo máa ń jẹ nínú búrẹ́dì àkọ́kọ́ náà. Kò sẹ́ni tó lé mi rí.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n máa wojú oṣù, ọjọ́ Àtàlátà ni, Hàwáù kígbe pè mí láti orí ògiri. Mo lọ. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní níwájú ààrò, ó ki ọwọ́ bọ inú fúrù, ọwọ́ rẹ̀ sì yọ nísàlẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ó ní. "Ìpẹta ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Páìpù tó ń gbé gáàsì wá síbẹ̀ náà ti sán. Mo tan iná láàárọ̀ yìí, ó ń jó bí ẹni ń sunkún, ó kú. Mo tún un tàn, ó tún kú."

Mo ní kó má tàn án mọ́, ká má lọ máa wá òrùlé wa ní Bago lọ́hùn-ún.

Ó lọ sí abẹ́ igi máńgò níbi tí fóònù ti ń gbọ́ràn, ó pe Málàmù Yàhàyá. Ọkùnrin yìí, àgbàlagbà ni, ọmọ Kotokoli ni, ó ń jó irin, ó sì ń tún ohun tó ń lo gáàsì ṣe ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé. Ó gbé Bàsílà rí, ó gbọ́ èdè wa dáadáa. Ní Tchamba, àwọn tó ń jó irin wà, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn sọ pé ilẹ̀kùn àti fèrèsé ni tiwọn, àwọn kì í fọwọ́ kan gáàsì. Torí náà Málàmù nìkan ló kù.

Hàwáù sọ gbogbo ohun tó rí fún un. Fóònù rẹ̀ máa ń pariwo, mo gbọ́ ohun tí baba náà ń sọ.

"Gbé e wá," ó ní.

"Málàmù, ẹ ò lè wá sọ́dọ̀ wa ni?"

"Ẹ̀rọ tí mo fi ń jó irin, ṣé kí n rù ú? Ìwọ gbé tìrẹ wá. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa, Hàwáù. Tí a bá ti kírun Jímọ̀ tán, Bago ni mò ń lọ. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń ka Kùránì fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ títí dé òpin. Bí ààrò yẹn bá dé ọwọ́ mi kí oòrùn Àlàmísì tó wọ̀, màá ṣe é. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀yìn ọdún ìtúnu."

"Yóò dé."

"Báwo ni yóò ṣe dé? Ṣé o ti rí ọkọ̀?"

"Málàmù, mo ní yóò dé."

Ó pa fóònù, ó yíjú sí mi. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ kó tó sọ ọ́.

"Rónkẹ́, mo gbọ́ pé ọkọ̀ rẹ ń lọ Lomé ní Àlàmísì."

"Iṣu mi ló ń lọ. Ọkọ̀ kì í ṣe tèmi."

"Ó máa gba Sokodé kọjá."

"Ṣé ọ̀nà míì wà ni?"

"Ó dáa. Àyè ààrò kan péré ni mo ń tọrọ."

"Hàwáù, ààrò yẹn tóbi ju yàrá tí ìyá mi ń sùn lọ."

"Ìyá rẹ kò ga," ó ní, ó sì lọ wá ẹni tí yóò gbé e.

Ẹni náà kò jìnnà. Ọ̀ṣẹ́nì ni, àbúrò Kàsúmù ọkọ rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn tó ń di iṣu sínú ọkọ̀ ní Kambolé. Ẹ ó mọ̀ pé ní ilé ọkọ, àbúrò ọkọ náà ọkọ ni, torí náà "ọkọ mi" ni Hàwáù ń pè é, òun náà á sì máa pè é ní "ìyàwó", á tún máa ràn án níṣẹ́. Ọ̀ṣẹ́nì mọ iṣu dì. Bó bá di ọkọ̀ kan, tí ó to koríko gbígbẹ síbi tó yẹ, iṣu náà á dé Lomé láìdá orí, láìbó èèpo. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ pọ̀ ju ti onímọ́tò lọ. Òfin kìíní, èyí tó wúwo nísàlẹ̀. Òfin kejì, àyè kì í ṣófo nínú ọkọ̀. Òfin kẹta, ẹrù tí a bá ti dì tán, a kì í tú u lórí ilẹ̀ tí a ti dì í. Èyí kẹta yìí, gbogbo àwọn adìṣu Kambolé ló dì í mú. Ẹni tó bá tú ẹrù ara rẹ̀ nílé, wọn á máa fi ṣe ẹlẹ́yà títí iṣu tuntun á fi jáde.

Nígbà tí oòrùn Àlàmísì yọ, wọ́n ti pé sí ẹnu ọ̀nà Hàwáù, Ọ̀ṣẹ́nì àti márùn-ún nínú àwọn èèyàn rẹ̀. Hàwáù ti tú gbogbo ohun tó ṣeé tú lára ààrò náà: orí iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn irin tí ìkòkò ń jókòó lé, pẹpẹ inú fúrù, àtàwọn ohun tí à ń yí kí iná tó jáde. Ó kó wọn sínú abọ́ ńlá, ó fi aṣọ bò wọ́n.

"Ọkọ mi, ẹ gbọ́," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kó dúró lé. Ẹ má dà á dùbúlẹ̀. Ẹ má sì fi ilẹ̀kùn rẹ̀ fà á."

"Ìyàwó, ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní ẹrù?"

"Iṣu kọ́ lèyí."

"Ẹrù lẹrù ń jẹ́. Lọ wẹ̀, kó o wọ aṣọ dáadáa. Ìlú ńlá lò ń lọ. Má jẹ́ kí wọ́n rò pé ìyẹ̀fun la fi ń para níbí."

Wọ́n ki igi méjì bọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì dá orin tí wọ́n fi ń gbé ọ̀pó ilé, àwọn yòókù gbè é, ààrò náà sì gbéra nílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gbé e gba àárín àgbàlá kọjá, àwọn adìyẹ sá, Kàsúmù ọkọ Hàwáù dìde lórí àga, ó bọ́ fìlà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Hàwáù sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò bọ́ fìlà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí òun wọlé ọkọ.

Ohun tí Hàwáù kò sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì ni ibi tí wọn yóò gbé ààrò sí nínú ọkọ̀. Kò rò ó pé ó yẹ kí òun sọ ọ́. Ta ni kò mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ló yẹ kó gbẹ̀yìn wọlé? Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, láti ọjọ́ tí Ọ̀ṣẹ́nì ti ń di iṣu, ibì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹrù rẹ̀ máa ń sọ̀ sí, Lomé ni. Kò sí ìgbà tó ní láti ronú pé kí ló máa kọ́kọ́ sọ̀.

Èmi àti Hàwáù lọ wẹ̀, a jẹun, òun kírun ọ̀sán, a gba páàkì lọ. Ọkọ̀ ti kún. Iṣu mi tò ní ìpele ìpele, koríko wà láàárín, okùn ti dì í lókè, ó lẹ́wà lójú. Àlàsàn awakọ̀ ti jókòó sídìí ọkọ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Hàwáù yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan. Ó ru abọ́ irin ààrò rẹ̀ lórí.

"Ọkọ mi, ààrò dà?"

"Ó ti wọlé."

"Ibo ló wọ̀?"

Ọ̀ṣẹ́nì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí iwájú ọkọ̀, nísàlẹ̀ pátápátá. "Ibẹ̀ yẹn. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bó o ṣe wí. Iṣu wà lọ́tùn-ún, iṣu wà lósì, iṣu wà lórí. Ìjì kò lè mì í."

Mo wo Hàwáù. Mo ń retí igbe. Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Sokodé ì bá gbọ́.

"Sokodé ló ti máa sọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ kò yí padà.

"Mo mọ̀."

"Báwo ló ṣe máa jáde?"

Ọ̀ṣẹ́nì fà sẹ́yìn. Ó wo ọkọ̀ láti iwájú títí dé ẹ̀yìn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Ọ̀kan ní kí wọ́n tú u. Ọ̀ṣẹ́nì fi ojú pa á lẹ́nu mọ́. Tí wọ́n bá sì ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un dì, oòrùn á ti wọ̀ kí ọkọ̀ tó jáde ní Kambolé.

Hàwáù sọ abọ́ kalẹ̀, ó gbé e fún mi, ó gun iwájú ọkọ̀.

"Ẹ ò ní tú u níbí, ọkọ mi. N kò ní kó ìtìjú bá yín lórí ilẹ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá wa lọ, ẹ ó sì tú u níbi tí kì í ṣe ilẹ̀ yín. Ẹ gbé pákó méjèèjì tẹ́ ẹ fi ń gun ọkọ̀ dání."

"Èmi?" Ọ̀ṣẹ́nì ní. "Mo ní iṣẹ́ nílé."

"Iṣẹ́ yín ló wà lábẹ́ iṣu yẹn."

Báyìí ni a ṣe jáde, Àlàsàn, Hàwáù, èmi àti abọ́ náà níwájú, Ọ̀ṣẹ́nì lókè lórí iṣu. Eruku ọ̀nà kò jẹ́ ká ríran. Mo bi Hàwáù pé kí ló fẹ́ ṣe gan-an. Ó ní ọ̀nà ṣì jìn, òun á rò ó. A kò tíì dé Tchamba tó fi rò ó tán, èmi ló sì rò ó lé lórí.

"Rónkẹ́, iṣu tó wà lórí ààrò yẹn, o lè tà á ní Sokodé."

"Lomé ni wọ́n ti ń dúró dè é."

"Àwọn tó wà ní Lomé, ìwọ lò ń bẹ̀ wọ́n. Àbí irọ́ ni mo pa? O máa dúró nínú oòrùn, wọ́n á máa tẹ iṣu ní ìdí, wọ́n á ní ó ti pẹ́. Ní Komah lónìí, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ wọlé. Obìnrin wo ni kò ń wá iṣu tó máa gún fún ìṣínu, tó máa sè fún sààrì? Àwọn ló máa bẹ̀ ọ́."

"Ta ló máa sọ fún wọn pé mò ń bọ̀?"

Ó ti mú fóònù. Sèínábù ló pè, obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ gbígbóná nítòsí ibi iṣẹ́ Málàmù. Oníbàárà Hàwáù ni, bó bá ti wá Kambolé ra àgbàdo, kì í lọ láìra búrẹ́dì. Hàwáù fi èdè Kotokoli bá a sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, mo gbọ́ orúkọ mi, mo gbọ́ Kambolé. Ó sọ fún un pé iṣu Kambolé ń bọ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wọn, láti inú ọkọ̀ sínú abọ́, kò sí alágbàtà láàárín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rà gbọ́dọ̀ wá bá wa gbé e sọ̀.

"N kò tíì ní mo gbà," mo ní.

"Mo mọ̀. O máa gbà ká tó dé afárá."

Mo gbà ká tó dé afárá.

Nígbà tí a yà wọ Komah, oòrùn ti tẹ̀. N kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Àwọn obìnrin ti tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, abọ́ lọ́wọ́, Sèínábù níwájú wọn bí olórí ogun. Málàmù Yàhàyá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wo ọkọ̀, ó wo oòrùn, ó wo Hàwáù.

"Iṣu ni mo rí," ó ní. "Ṣé iṣu ni kí n jó?"

"Ààrò wà lábẹ́ rẹ̀, Málàmù."

"Lábẹ́ rẹ̀?" Ó yíjú sí Ọ̀ṣẹ́nì tó ń sọ̀ kalẹ̀. "Ta ló di èyí?"

Ọ̀ṣẹ́nì ní ọkọ̀ ti rìn jìnnà, ara ń ro òun. Málàmù ní kí ẹni tó dì í yára, òun kò ní í fi ọ̀rọ̀ oòrùn ṣeré, ìlérí ni ìlérí.

Ibí yìí ni mo ti gbà pé Ọ̀ṣẹ́nì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òmùgọ̀ á bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, á tú gbogbo rẹ̀. Òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yọ pákó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níwájú, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti òkè wá sílẹ̀, ó sì ń gbẹ́ iṣu jáde níbẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ kànga. Ibi tó bá fẹ́ ya lulẹ̀, á ki àpò àti koríko bọ̀ ọ́. Iṣu yòókù dúró gbọin, kò sí èyí tó yí. Ó ń na iṣu sí Àlàsàn, Àlàsàn ń nà á sí mi, mo ń kó o sínú abọ́ àwọn obìnrin. Wọ́n ń bá mi ná ọjà bí wọ́n ṣe ń gbà á, èmi náà ń dá wọn lóhùn láìwo ojú wọn.

"Ìyá oníṣu, èyí kéré jù."

"Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó tóbi ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà á. Ohun tí Hàwáù wí náà ló ṣẹlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ mí. Òun kò tiẹ̀ wo iṣu. Ojú oòrùn ló ń wò, ó sì ń sọ fún Ọ̀ṣẹ́nì pé ó ku díẹ̀, ó ku díẹ̀, bí ìgbà tí à ń gbẹ̀bí.

Orí ààrò yọ. Ọ̀ṣẹ́nì kó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yọ. Ìgbà náà la wá rántí pé ọkùnrin mẹ́fà ló gbé e gòkè. Ọkùnrin méjì péré la ní, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ awakọ̀.

"A nílò èèyàn," Ọ̀ṣẹ́nì ní. Ó ti làágùn dé bàtà.

"Wọ́n ń kírun Alásárì lọ́wọ́," Málàmù ní. Ó ti kí tirẹ̀ kí a tó dé. "Bí wọ́n bá jáde, màá pè wọ́n. Ṣùgbọ́n àgbà ló pọ̀ nínú wọn o. Kì í ṣe àwọn tó ń gbé nǹkan sókè."

"Ẹnì kan kò ní gbé e sókè," Hàwáù ní. "Yíyọ̀ ló máa yọ̀ wálẹ̀. Sèínábù, ẹ bá mi wá òrí."

Sèínábù ní irú òrí wo. Hàwáù ní òrí tí à ń fi para, kó pọ̀. Wọ́n gbé igbá kan wá. Ó ní kí Ọ̀ṣẹ́nì gbé pákó méjèèjì ti ara ọkọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrí pa wọ́n, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, bó ṣe máa ń fi òróró pa agolo kí búrẹ́dì má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fara balẹ̀ ṣe é. Ó pa ẹ̀gbẹ́, ó pa àárín. Àwọn bàbá jáde ní mọ́sálásí, wọ́n wá dúró yí wa ká, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Kí lẹ fẹ́ yan?" ọ̀kan nínú wọn béèrè, Málàmù sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

"Ẹ sọ fún wọn pé bó bá sọ̀, wọ́n á jẹ nínú rẹ̀," Hàwáù ní.

Wọ́n so okùn mọ́ ààrò náà lẹ́yìn. Àwọn bàbá di okùn mú lódìkejì ọkọ̀ kó má bàa sáré jù, Ọ̀ṣẹ́nì àti Àlàsàn fi èjìká tì í láti òkè. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó mì, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú lé pákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí ìyálé tó ń bọ̀ láti iyàrá. Ó balẹ̀. Málàmù Yàhàyá dìde, ó gbé ọwọ́ lé e, ó wo oòrùn. Oòrùn ṣì wà lórí òrùlé.

"Ó dé ọwọ́ mi," ó ní.

Hàwáù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó dúró sí. Láti Àtàlátà, ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i tó jókòó láìní ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń dán fún òrí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Málàmù ṣí fúrù kó wo ibi tó lu. Ó dúró. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó mú iṣu kan jáde. Ó tún mú òmíràn. Mọ́kànlá ló kó jáde, ó tò wọ́n sílẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kò rẹ́rìn-ín. Èyí tó kẹ́yìn ti gba ibi tó lu kọjá, ó há síbẹ̀.

Gbogbo wa wo Ọ̀ṣẹ́nì.

"Àyè kì í ṣófo nínú ọkọ̀," ó ní.

Àwọn obìnrin tó gbọ́ èdè wa bú sẹ́rìn-ín, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́, àwọn náà bú sẹ́rìn-ín. Sèínábù di ara ọkọ̀ mú kó má bàa ṣubú. Hàwáù ní, "Ọkọ mi, ẹ ṣeun o. Tí n kò bá rí búrẹ́dì yan, màá yan iṣu." Málàmù ní ihò náà ti fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò burú, òun ti fẹ́ gé gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò tẹ́lẹ̀.

Àlàsàn kó iṣu tó kù lọ fún oníbàárà mi ní Lomé. Ọ̀ṣẹ́nì tún un dì kó tó lọ, ó sì dì í dáadáa. Èmi sùn sí ilé Sèínábù pẹ̀lú Hàwáù, Ọ̀ṣẹ́nì náà dúró sí Komah.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Málàmù gé irin tó nípọn, ó jó o mọ́ ìsàlẹ̀ fúrù, ó pààrọ̀ páìpù, ó fi omi ọṣẹ pa oríkèé rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ń jò. Kò hó. Ó tan iná, iná náà dúró. Ó ní ó tán.

"Kò tíì tán," Hàwáù ní. "Iná dúró, ṣùgbọ́n búrẹ́dì kò tíì sọ̀rọ̀."

"Mò ń lọ sí Bago, Hàwáù."

"Ẹ ó kírun Jímọ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ wẹ̀ ni."

Ó ti po ìyẹ̀fun sílẹ̀ láti ìdájí ní ilé Sèínábù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ki búrẹ́dì náà bọ inú fúrù, ó jókòó tì í. Kò wo agogo, òórùn ló fi ń mọ̀. Nígbà tó yọ ọ́, apá ọ̀tún pupa ju apá òsì lọ. Ó pe Málàmù, ó fi hàn án. Baba náà ti wọ aṣọ funfun tó fẹ́ fi kírun. Ó mí kanlẹ̀, ó ká apá aṣọ, ó dọ̀bálẹ̀ sórí àpò, ó tún páìpù náà tẹ̀ díẹ̀. Hàwáù ki òmíràn bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Èyí pọ́n dọ́gba. Àwọn bàbá tó di okùn mú lánàá jẹ nínú rẹ̀ lójú ọ̀nà mọ́sálásí, Málàmù sì gbé mẹ́ta lọ sí Bago nínú àpò Kùránì rẹ̀.

Sèínábù ní kí Hàwáù kúkú jókòó sí Komah, kó máa yan búrẹ́dì fún àwọn. Àwọn obìnrin méjì mìíràn náà sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì ṣàwàdà. Hàwáù dúpẹ́. Ó ní àwọn kan ń dúró de òun nílé.

Àlàsàn padà láti Lomé ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú ọkọ̀ òfìfo. Àwọn ọkùnrin Komah ti ààrò gun orí pákó náà, òrí ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì so ó mọ́ àárín ọkọ̀, òun nìkan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àyè ṣófo yí i ká. Mo rí i pé ó ń dun Ọ̀ṣẹ́nì. Ó ń wo gbogbo àyè yẹn bí ẹni ebi ń pa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a ti délé, ni wọ́n rí oṣù.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, láti ọ̀sán ni òórùn búrẹ́dì ti gba àdúgbò, àwọn tó ń gbààwẹ̀ ń bẹ Hàwáù pé kó ti ilẹ̀kùn. Kó tó di Màgàríbì, wọ́n ti ru abọ́ mẹ́rin lọ sí mọ́sálásí. Ladani pe ìrun, wọ́n fi omi àti búrẹ́dì ṣínu, ẹnu gbogbo wọn kún. Èmi náà ti mú tèmi.

Mo lọ bá Hàwáù ní ilé ìdáná. Òun ló gbẹ̀yìn ìṣínu. Ó dúró níwájú ààrò, ó mu omi, ó bu ìdí búrẹ́dì kan sẹ́nu, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ le bí ti olùkọ́.

Mo ní, "Báwo ni?"

Ó gbé e mì tán kó tó dá mi lóhùn.

"Iyọ̀ kò tó," ó ní. "Lọ́la, màá fi kún un."